Franco Baresi: Adènà tí kò fi Milan sílẹ̀ nígbà tí nǹkan dojú rú

Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin ọmọ Òròkí, àti gbogbo ẹni tó ń wò wá. Bí a bá jókòó ti bọ́ọ̀lù l'Ósogbo níbí, ní Olú-Ọdẹ tàbí Òkè-Fìà, ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n ni gbogbo ẹnu máa ń pè. Lónìí, adènà ni mo fẹ́ kí a sọ̀rọ̀ rẹ̀: Franco Baresi, ọmọ Ítálì.

Inter, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kan ní ìlú Milan, ló kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n mú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Giuseppe, wọ́n ní Franco kéré jù. Ni AC Milan, ẹgbẹ́ mìíràn ní ìlú kan náà, bá gbà á. Ọdún 1978 ló kọ́kọ́ wọ pápá fún wọn, kò tíì pé ọmọ ọdún 18.

Ẹ wá gbọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Lọ́dún 1980, wọ́n já Milan sí líìgì kejì nítorí magomágo tẹ́tẹ́. Wọ́n gòkè padà. Ní 1982, wọ́n tún jábọ́. Ọdún yẹn gan-an ni Ítálì gba Ife Àgbáyé, Baresi sì wà nínú ikọ̀ náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò wọ pápá. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìdí Ife Àgbáyé bọ̀ tún padà sí líìgì kejì, ó sì di balógun wọn lọ́mọ ọdún 22! Èmi ò tíì rí ìfẹ́ ẹgbẹ́ tó ju ìyẹn lọ.

Kò ga, ọpọlọ ló fi ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí Arrigo Sacchi di kóòṣì lọ́dún 1987, bí alátakò bá ti fẹ́ ta bọ́ọ̀lù síwájú, Baresi á yára gòkè, àwọn adènà ẹgbẹ́ rẹ̀, Tassotti, Costacurta àti Maldini, á bá a gòkè lẹ́ẹ̀kan náà, á wá ku atamátàsé nìkan sẹ́yìn wọn. Ọwọ́ Baresi á ti wà lókè sí rẹfirí: ọfúsáìdì, ìyẹn ni pé alátakò ti wà lẹ́yìn àwọn adènà kí wọ́n tó ta bọ́ọ̀lù sí i! Ní sáà 1993 sí 1994, góòlù 15 péré ló wọlé Milan nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ líìgì 34.

Ní Ife Àgbáyé 1994, èyí tí Ítálì ti lé Super Eagles wa jáde, orúnkún rẹ̀ bàjẹ́, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un. Kò tó oṣù kan, ó ti padà fún àṣekágbá, lẹ́ni ọdún 34. Romário àti Bebeto ò rí góòlù kan jẹ ní odindi 120 ìṣẹ́jú. Ó dùn mí pé pẹnáritì tó gbá fò kọjá lórí òpó, tí Brazil sì gba ife.

Ọdún 1997 ló fẹ̀yìn tì, lẹ́yìn ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 719 fún Milan nìkan ṣoṣo. Wọ́n gbé jẹ́sì nọ́ńbà 6 tì, ẹnikẹ́ni ò wọ̀ ọ́ mọ́. Bí ẹ bá rí fídíò àṣekágbá 1994 yẹn, ẹ fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀, nọ́ńbà 6 Ítálì ni kí ẹ máa wò.