Ilé La Ti Ń Múná Wọ Ihò

Ẹ káàárọ̀, ẹ káàsán, ẹ kúùrọ̀lẹ́, ìgbàkigbà tẹ́ ẹ bá ń wò ó. Iléṣà ni mo wà, ẹ̀yìnkùlé ìyá mi lẹ̀ ń wò yìí. Adìyẹ tó ń ké yẹn, ẹ má dá a lóhùn. Láti ọjọ́ tí mo ti gbé fídíò tí mo ti ń rá jáde lábẹ́ àpáta síta, ìbéèrè kan ṣoṣo lẹ̀ ń bi mí: "Báwo lèmi náà ṣe máa bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ihò?" Ó dáa. Ẹ fìdí mọ́lẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú ihò tá a ní, kí ẹnikẹ́ni má baà retí ohun tí kò sí. Àwọn ihò gbàràmù-gbaramu tẹ́ ẹ máa ń rí nínú fíìmù, irú Mammoth Cave ní Kentucky l'Amẹ́ríkà, tí gígùn rẹ̀ lé ní kìlómítà 600, inú òkúta ẹfun ni wọ́n wà, irú èyí tí wọ́n ń lọ̀ fi ṣe sìmẹ́ǹtì. Omi òjò tó bá gba inú ilẹ̀ kọjá máa ń ní ásíìdì díẹ̀ nínú, á wá máa jẹ òkúta yẹn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún. Àpáta tiwa níbí, láti Ifẹ̀ dé Iléṣà, líle ni, omi ò rí i jẹ bẹ́ẹ̀. Tiwa sábà máa ń jẹ́ abẹ́ àpáta tó yọrí síta bí òrùlé, tàbí àlàfo láàárín àwọn òkúta ràgàjì tó gun ara wọn. Ẹ má fojú di í o! Ihò Eléérú, lẹ́bàá Ìsàrun lọ́nà Àkúrẹ́, abẹ́ àpáta lòun náà. Ibẹ̀ ni Thurstan Shaw, òyìnbó awalẹ̀pìtàn, àtàwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ti hú agbárí èèyàn kan ní 1965, tó ti wà nílẹ̀ láti nǹkan bí ọdún 13,000 sẹ́yìn.

Kò sì sí ihò tí ò ní olúwa ẹ̀. Òmíràn, ojúbọ ni. Ẹ lọ bá baálẹ̀, ẹ kí i dáadáa, ẹ gbàṣẹ, kẹ́ ẹ sì mú ọdẹ abúlé yẹn kan dání. Òun ló mọ ibi tí oyin wà, ibi tí ejò ń sùn sí, àti bóyá igbó yẹn ṣeé wọ̀ lásìkò tá a wà yìí rárá.

Ó yá, iná. Ẹ̀yin ọmọ Ìjẹ̀ṣà, ẹ bá mi kì í: Ìjẹ̀ṣà ò rídìí ìṣáná, ilé ni wọ́n ti ń múná roko. Àwọn kan á máa fi yọ wá lẹ́nu pé ahun ni wá. Ẹ dá wọn dá a! Nínú ihò, òun gan-an ni òfin kìíní. Tọ́ọ̀ṣì MẸ́TA. Kì í ṣe mẹ́ta fún gbogbo yín o. Ẹnì kan, tọ́ọ̀ṣì mẹ́ta! Ọ̀kan lára akoto, méjì lápò, pẹ̀lú bátìrì tuntun. Iná fóònù ò sí lára ẹ̀. Mo tún un sọ: INÁ FÓÒNÙ Ò SÍ LÁRA Ẹ̀! Tí fóònù bá bọ́ sáàárín òkúta méjì, ó dàbọ̀ nìyẹn. Ọwọ́ tẹ́ ẹ fi mú un gan-an lẹ sì nílò láti fi di òkúta mú.

Ọdẹ ni bàbá mi àgbà. Ẹ rántí iná kábáàdì tí wọ́n ń dè mórí? Omi á máa kán sórí kábáàdì nínú agolo, gáàsì á jáde, iná á máa jó níwájú orí. Òórùn ẹ̀ dà bíi ti ààyù, kò tíì kúrò nímú mi dòní. Mo ti dàgbà kí n tó mọ̀ pé irú iná yẹn náà làwọn òyìnbó tó ń wọ ihò lò fún ọ̀pọ̀ ọdún kí iná oníbátìrì tó gbòde. Bàbá mi àgbà ì bá bá wọn ṣe é dọ́ba!

Akoto ni mo sọ o, kì í ṣe fìlà. Èyí tó ní okùn àgbọ̀n. Bàtà tó di ilẹ̀ mú, aṣọ alápá gígùn. Ẹ ti mọ̀yẹn, ẹ jẹ́ ká lọ.

Ẹ má dá wọ ihò. Èèyàn mẹ́rin dára: bí ọ̀kan bá fara pa, ọ̀kan á dúró tì í, méjì á lọ wá èèyàn. Kí ẹnì kan nílé sì mọ ibi tẹ́ ẹ lọ àti aago tẹ́ ẹ máa dé. Ní 1925, Floyd Collins, ògbójú nínú iṣẹ́ yìí, dá wọ Sand Cave ní Kentucky yẹn kan náà. Òkúta kan há a lẹ́sẹ̀. Wọ́n mọ ibi tó wà, wọ́n tiẹ̀ ń bá a sọ̀rọ̀, wọ́n gbé oúnjẹ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, síbẹ̀ ibẹ̀ ló kú sí.

Ẹ wá sún mọ́ bí báyìí. Ibi tí gbogbo yín ti máa ń ṣì í rèé. Ẹ máa ń wo iwájú. Iwájú, iwájú, bí ẹni ń lé ọkọ̀ tó fẹ́ gbéra. Ẹ Ò BOJÚ WẸ̀YÌN! Ọ̀nà tẹ́ ẹ gbà wọlé, tẹ́ ẹ bá kọjú padà sí i, ọ̀tọ̀ ló máa jọ. Bí agbo ilé àtijọ́ ni: ẹ gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọlé lọ́sàn-án, ẹ jẹun, ilẹ̀ ṣú, ẹ fẹ́ máa lọ, ẹ ṣílẹ̀kùn, yàrá ìyá àgbà tó ń sùn lẹ já sí.

Ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi. Ẹ̀ẹ̀rùn ni, àwa mẹ́rin. Ibì kan wà tá a ti sọ̀ kalẹ̀ láti ojú ihò kékeré kan, bí ẹni bọ́ sílẹ̀ lójú fèrèsé. Ó rọrùn débi pé a ò tiẹ̀ kà á sí. Nígbà tá a ń bọ̀, ojú ihò yẹn ti wà lókè orí wa, òkúta kan tó yọ imú sì ti bò ó. A kọjá lábẹ́ ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́ẹ̀MEJÌ! Mo rí ipa bàtà ara mi nínú erùpẹ̀, ilà rẹ̀ rí bí egungun ẹja, ṣùgbọ́n kò sí ibi tó ti wá. Ó kàn bẹ̀rẹ̀ láàárín ilẹ̀, bí ti ẹni tó já bọ́ látọ̀run. Èéfín ló yọ wá. Ẹnì kan ń sun oko níta, mo gbóòórùn ẹ̀, mo gbójú sókè, ihò wa rèé.

Nítorí náà, ní gbogbo oríta, ní gbogbo ibi tẹ́ ẹ bá ti sọ̀ tàbí tẹ́ ẹ ti rá kọjá, ẹ DÚRÓ. Ẹ yíjú padà. Ẹ kà dé márùn-ún. Ẹ wá ohun tẹ́ ẹ lè fẹnu pè: "òkúta tó rí bí ìyá tó pọnmọ, apá òsì ẹ̀." Ẹ sọ ọ́ síta kí ẹlòmíràn gbọ́. Kẹ́ ẹ wá bi ara yín pé, ṣé mo lè gun ibí yìí padà? Tí ò bá ṣeé gùn, ẹ má sọ̀ ọ́. Ẹ má sì fò kalẹ̀ láé, ìṣubú ló ń ṣe wá léṣe jù. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ àmì, ẹ so aṣọ pélébé mọ́ òkúta, kẹ́ ẹ tú u nígbà tẹ́ ẹ bá ń bọ̀. Ẹni tó bá fi ọ̀dà kọ orúkọ sára àpáta, èmi àti ẹ̀ ò mọra.

Òjò ńkọ́? Tó bá ṣú, ẹ padà sílé. Ní oṣù Òkúdù 2018, àwọn ọmọkùnrin 12 àti kóòṣì bọ́ọ̀lù wọn wọ ihò Tham Luang ní Táílàńdì, omi dí ẹ̀yìn wọn. Ó di oṣù Agẹmọ kí wọ́n tó kó gbogbo wọn jáde, ẹ̀mí Saman Kunan, ọ̀kan lára àwọn tó lọ gbà wọ́n là, sì bá a lọ.

Àdán: ẹ má fọwọ́ kàn án, ẹ bo imú níbi tí ìgbẹ́ ẹ̀ bá ti gbẹ. Mo mọ̀ yín, ẹ má mú un wálé ṣọbẹ̀! Ní 2008, obìnrin ará Netherlands kan wọ ihò àdán kan ní Uganda, àrùn Marburg, tí èèyàn lè kó lára àdán, pa á nígbà tó padà délé.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ló kù. Tẹ́ ẹ bá dé ibi tó tẹ́jú, ẹ jókòó, kí gbogbo yín pa iná. Ẹ gbé ọwọ́ síwájú ojú, ẹ máa jù ú. Ẹ máa búra pé ẹ̀ ń rí i. Irọ́ ni, ọpọlọ ló ń yà á fún yín. Ọ̀kan nínú wa ò gbà lọ́jọ́sí, ó ní òun ń rí ìka òun márààrún. Mo ní ó dáa, mélòó ni mo nà sí ẹ báyìí? Ó dákẹ́. Ó ní, "Mẹ́ta." Àpò ni mo kọ́wọ́ bọ̀.