Ojú-Ìwé Yorùbá Lórí Oríṣiríṣi Aṣàwákiri: Ibi Tí CSS Ti Lè Gbà Wá

Ẹ kú ìjókòó o. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe ìkànnì ayélujára ní èdè Yorùbá ni mo ń bá sọ̀rọ̀ lónìí. Iṣẹ́ yín yóò dé orí oríṣiríṣi aṣàwákiri, ìyẹn ohun tí a fi ń ṣí ìkànnì, bíi Chrome, Firefox, Safari, àti orí fóònù tó ti gbó. Kò pọn dandan kó rí bákan náà lórí gbogbo wọn. Kó ṣáà ti ṣeé kà.

Láti 1996 tí W3C, ẹgbẹ́ tó ń ṣe ìlànà ayélujára, ti gbé àkọ́kọ́ CSS jáde, ìyẹn èdè tí a fi ń ṣètò ìrísí ojú-ìwé, ni òfin kan ti wà: ìlà tí kò bá yé aṣàwákiri, ṣe ni yóò fò ó kọjá láìpariwo. Ẹ gbójú lé òfin yìí. Ẹ kọ́kọ́ kọ èyí tí gbogbo wọn mọ̀, kí tuntun tẹ̀ lé e:

min-height: 100vh;
min-height: 100dvh;

vh ni ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún gíga fèrèsé aṣàwákiri; dvh náà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń yí padà bí ọ̀pá aṣàwákiri bá ń yọ tàbí tó ń pamọ́. Safari tó ṣáájú 15.4 àti Chrome tó ṣáájú 108 yóò dúró ti ìlà kìíní. Ìlà tó gbẹ̀yìn ló ń borí: tí ẹ bá pààrọ̀ ipò wọn, vh ni yóò borí níbi gbogbo, dvh á sì di asán.

Lẹ́tà wa gan-an ni iṣẹ́ pọ̀ sí. Unicode, ìlànà tó ń fún lẹ́tà ní nọ́ńbà lórí kọ̀ǹpútà, fún lẹ́tà ẹ ní nọ́ńbà tirẹ̀, U+1EB9, ó sì fún lẹ́tà ọ ní U+1ECD, ṣùgbọ́n ẹ́ àti ọ̀ kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo. Àmì ohùn dá dúró gẹ́gẹ́ bí U+0301 tàbí U+0300, ó sì ń tẹ̀ lé lẹ́tà rẹ̀. Fọ́ǹtì gbọ́dọ̀ ní méjèèjì, kó sì mọ ibi tí àmì yóò jókòó sí. Bí kò bá ní wọn, aṣàwákiri á lọ yá lẹ́tà lọ́wọ́ fọ́ǹtì mìíràn: lẹ́tà ẹ á nípọn láàárín àwọn tó tẹ́ẹ́rẹ́, tàbí kí àmì ohùn yọ̀ sí ẹ̀gbẹ́.

Google Fonts, ibi tí Google ti ń pín fọ́ǹtì, máa ń gé fọ́ǹtì kan sí fáìlì púpọ̀. Inú fáìlì vietnamese ni ẹ, ọ àti àmì ohùn méjèèjì wà, torí pé àwọn ará Vietnam náà ń fi àmì sábẹ́ lẹ́tà. Inú latin-ext ni ṣ àti ₦ wà. Bí ẹ bá fẹ́ gbé fọ́ǹtì sórí ìkànnì tiyín, fáìlì mẹ́ta ni kí ẹ kó: latin, latin-ext àti vietnamese. Síbẹ̀, èdè Vietnam kì í lo ẹ́, nítorí náà fọ́ǹtì tó dára fún wọn lè kùnà lọ́wọ́ wa. Ẹ fi “Ẹ̀kọ́, ọ̀rẹ́, ṣẹ̀ṣẹ̀, ǹjẹ́, ₦500” dán an wò, ní títẹ́ẹ́rẹ́ àti ní kíkì. Noto Sans kì í já ni kulẹ̀ níbí.

Lẹ́yìn èyí, àyè. Àkọlé tí a fún ní line-height: 1 (gíga ìlà) pẹ̀lú overflow: hidden (tó ń fi ohun tó bá yọ síta pamọ́) yóò gé àmì orí Ọ̀ àti àmì ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ lo 1.3 fún àkọlé, 1.6 fún ọ̀rọ̀ inú. Ìlà abẹ́ líǹkì náà máa ń gba orí àmì ìsàlẹ̀ kọjá, tàbí kó já níbẹ̀, text-underline-offset: 0.25em á sún un sísàlẹ̀, láti Safari 12.1, Firefox 70 àti Chrome 87 wá.

Ẹ ṣọ́ra fún @supports, àṣẹ tí a fi ń bi aṣàwákiri bóyá ó mọ ohun kan, ó lè tan yín jẹ. Flex àti grid ni ọ̀nà méjì tí a fi ń to àpótí, gap sì ni àlàfo àárín wọn. Safari kò gba gap nínú flex títí di 14.1, ṣùgbọ́n ó ti mọ̀ ọ́n nínú grid tẹ́lẹ̀. Tí ẹ bá bi í léèrè @supports (gap: 1rem), á ní òun mọ̀ ọ́n, àwọn àpótí yín á sì lẹ̀ mọ́ra. Margin tàbí grid ló dájù fún irú fóònù bẹ́ẹ̀.

Nígbà ìdánwò, Chrome orí iPhone kò lè dúró fún ti Android, torí WebKit, ẹ̀rọ Safari, ló wà nínú rẹ̀. Opera Mini tún yàtọ̀: tí wọ́n bá fi sí ipò tó ń dín dátà kù jù lọ, kọ̀ǹpútà Opera ló máa ń to ojú-ìwé kó tó dé fóònù, fọ́ǹtì yín kò sì ní bá a dé. Nítorí náà, kí sans-serif, orúkọ gbogbogbò fún fọ́ǹtì tó ti wà lórí fóònù, gbẹ̀yìn ìlà font-family tí ẹ to orúkọ fọ́ǹtì sí. Ẹ yọ fáìlì fọ́ǹtì yín kúrò fúngbà díẹ̀, ẹ tún ojú-ìwé ṣí lórí fóònù tó kéré jù tí ẹ lè rí, kí ẹ sì kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Bí gbogbo àmì bá ṣì wà lórí lẹ́tà wọn, ẹ lè gbé e jáde.