Ilé Náà Ń Bá Ẹ Fọn Ún: Ọ̀rọ̀ Tí Mo Bá Àwọn Ọmọ Sax Sọ Ní Àgbádárìgì

Ẹ kú ìjókòó o. Ẹ má bínú pé mo fọn kí n tó kí yín. Nígbà tí mo gbé sax, fèrè onídẹ tá à ń fọn yìí, kúrò lẹ́nu, ṣé ohùn yẹn dákẹ́ lójú ẹsẹ̀? Kò dákẹ́, ó ṣì ń rìn lábẹ́ páánù yìí. Tó bá jẹ́ ìwọ nìkan lò ń fọn, tí kò sí kíbọ́ọ̀dù, tí kò sí dúrọ́ọ̀mù, ibi tó o dúró sí ni ẹnì kejì ẹ.

Àwa tá a kọ́ sax ní ṣọ́ọ̀ṣì, ká sòótọ́, a kì í gbọ́ ilé rárá. Ẹni tó wà nídìí míksà á ti da reverb, ìyẹn ohun tó ń mú kí ohùn máa dún lọ bíi ti inú gbọ̀ngàn ńlá, lé e, ìwọ á máa rò pé ohùn ẹ nìyẹn.

Lọ́jọ́ kan mo gbé sax tenor mi wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí erékùṣù Gberefu, mo rin inú iyanrìn yẹn títí dé etí òkun, mo ní màá fọn bí mo ṣe ń fọn nílé. Háà! Ohùn jáde, ó lọ, kò padà. Kò sí ògiri tó máa dá a padà, òkun sì ń hó. Mo wá ń fi agbára fọn ún, kò pẹ́ tí ètè mi kú tipiri, reed, igi fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó wà lẹ́nu sax, gbẹ. Ìgbà tí mo jókòó ni mo wá gbọ́ pé ìgbì máa ń fà sẹ́yìn díẹ̀ kó tó tún ya wá. Àlàfo yẹn ni mo ń sọ tèmi sí, nóòtì mẹ́ta, mẹ́rin, mo dákẹ́. (Tẹ́ ẹ bá lọ, ẹ nu sax yín tẹ́ ẹ bá délé o, iyọ̀ òkun ò mọ iye tẹ́ ẹ rà á.)

Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan wà ládùúgbò wa tí wọn ò tíì parí, kì í ṣe èyí tí gbogbo ayé ń wá wò o, búlọ́ọ̀kù àti kọnkéré lásán, kò sí wíńdò. Tó o bá ń sáré fọn ún níbẹ̀, gbogbo ẹ̀ á lọ́ pọ̀. Ṣùgbọ́n fọn doh, dákẹ́ díẹ̀, fọn mi, fọn soh: doh ò tíì kú tí soh fi bá a, o wá dà bí ẹni mẹ́ta.

Ohùn ń rin bíi mítà 343 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Tí ògiri bá jìnnà sí ẹ tó mítà 17, lílọ bíbọ̀ ẹ̀ á gba ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá, etí á máa gbọ́ ọ bí ẹlòmíì tó ń dá ẹ lóhùn. Tó bá sún mọ́ ẹ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó kàn máa mú kí ohùn ẹ ki sí i ni. Torí ẹ̀ ni mo ṣe máa ń pàtẹ́wọ́ ẹ̀ẹ̀kan kí n tó fọn.

Sonny Rollins, gbajúmọ̀ afọnsax jazz ará Amẹ́ríkà, láàárín 1959 sí 1961, orí afárá Williamsburg ní New York ló ti ń dá fọn, torí kò fẹ́ dí aládùúgbò ẹ̀ tó lóyún lọ́wọ́. Rélùwéè ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ o!

Ọmọkùnrin kan ní, "Ẹ̀gbọ́n, yàrá tèmi ńkọ́, bẹ́ẹ̀dì àti aṣọ ló kún bẹ̀." Mo ní ibẹ̀ ló le jù, tìmùtìmù á gbé gbogbo ohùn mì, wàá gbọ́ èémí tó ń jò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ẹ. Mo ní kó dìde, kó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kó fọn nóòtì kan síta, kó wá yíjú sínú gbọ̀ngàn kó tún un fọn. Ó fọn ún lẹ́ẹ̀mejì. Ó bá bú sẹ́rìn-ín, ó tún yíjú síta.