Ẹ Gbé Àwọn Ọmọ-Ọmọ Lọ Sùn Nínú Àgọ́, Lẹ́yìn Abẹ́òkúta

Ẹ̀yin ìyá àgbà, ẹ̀yin bàbá àgbà, ẹ kú ìmúra. Àwọn ọmọ ń bọ̀ láti Èkó, wọ́n sì ń kó àwọn ọmọ-ọmọ bọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ kí gbogbo yín jọ sùn síta, ẹ gbọ́ bí a ṣe ń ṣe é.

Orí Olúmọ kọ́ lẹ máa sùn o. Ọ̀sán ni ti Olúmọ: kí ìyá àgbà tí orúnkún ń dùn wọ lífítì bó bá ń ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn, kí àwọn géńdé gba àtẹ̀gùn. Ilẹ̀ ẹbí tàbí oko ẹni tí ẹ mọ̀ ni kí ẹ pàgọ́ sí, lápá Ọ̀dẹ̀dá fún àpẹẹrẹ, níbi tí àpáta pọ̀ sí. Ẹ kọ́kọ́ lọ rí baálẹ̀, kí àwọn ọdẹ lè mọ̀ pé èèyàn wà níbẹ̀ lóru.

Ìparí oṣù kọkànlá dára ju oṣù kìíní lọ. Òjò ti lọ, ọyẹ́ ò sì tíì le. Bí ọyẹ́ bá ti mú, eruku rẹ̀ á bo ìràwọ̀, pápá á sì gbẹ débi pé ẹyin iná kan lè jó oko olóko.

Aago mẹ́ta ọ̀sán, kí ẹ ti débẹ̀. Òòrùn ń wọ̀ kí aago méje tó lù, kò sì sí ohun tó ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín ẹ̀gbọ́n àti àbúrò bíi kí wọ́n máa fi tọ́ọ̀ṣì wá okùn àgọ́ kiri.

Ẹ má pàgọ́ sí ìdí àpáta gan-an. Ejò ń gbé inú pàlàpálá rẹ̀, bí òjò àìròtẹ́lẹ̀ bá sì rọ̀, ibẹ̀ ni gbogbo omi orí àpáta ń gbà. Ẹ sún kúrò tó ogún ìṣísẹ̀, síbi tó tẹ́jú tó sì ga díẹ̀. Bí ìjàlọ bá ń tò kọjá níbẹ̀, ẹ wá ibòmíì, ẹ má bá wọn du ilẹ̀.

Ẹ wá wo èèkàn yìí. A gbá a lẹ́ẹ̀mejì, ó wọlẹ̀ ìwọ̀n ìka kan, ó dún kọ́, ó tẹ̀. Erùpẹ̀ ibí ò jìn, àpáta ló wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ má fipá gbá a mọ́. Ẹ wá òkúta tó tó orí àgbàlagbà, ẹ so okùn mọ́ ọn láàárín, ẹ gbé òkúta kejì lé okùn náà kó má baà yọ̀. Igun mẹ́rin, òkúta mẹ́jọ. Kí ẹ tó fọwọ́ kan òkúta kankan, ẹ fi igi yí i padà: abẹ́ rẹ̀ ni àkeekèé ń sá sí. Ẹ so aṣọ funfun mọ́ okùn kọ̀ọ̀kan, kí ẹsẹ̀ àgbà má kọ́ ọ lóru.

Bàbá àgbà ò gbọdọ̀ sùn sórí ẹní lásán. Sísùn ò le, dídìde ló le. Ẹ gbé bẹ́ẹ̀dì tó ń ká wá, àga rọ́bà alápá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí wọ́n á fọwọ́ tì dìde, àti póò. Bí ilẹ̀ bá mọ́ tí ẹ bá omi lára àgọ́ nínú, kò jò o. Èémí yín ni, torí ẹ ti fèrèsé pa. Ẹ ṣí méjì tó kọjú síra, kí nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn nìkan dí i.

Omi: lítà mẹ́rin fún ẹnì kan lójúmọ́, fún mímu àti sísè. Èèyàn mẹ́jọ, ọjọ́ méjì, lítà 64 nìyẹn. Kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 mẹ́ta á tó. Ẹ má gbọ́kàn lé odò. Omi tí wọ́n sé ní odò Ọ̀yán dùn-ún wò, ṣùgbọ́n ọmọ kankan ò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́. Àtọ̀sí ajá wà níbẹ̀, èyí tí ọmọdé fi ń tọ ẹ̀jẹ̀. Ìgbín kéékèèké inú omi ló ń tú kòkòrò rẹ̀ sílẹ̀, awọ ara ló sì ń gbà wọlé, kódà bí ọmọ ò mu omi náà rárá. Èyí tó bá ti wọ̀ ọ́ kí ẹ tó mọ̀, ẹ gbé e lọ yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò lẹ́yìn bí oṣù méjì. Ó ní oògùn.

Lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, ẹ pa tọ́ọ̀ṣì àti fóònù fún ogún ìṣẹ́jú. Ó di ìgbà yẹn kí òkùnkùn tó mọ́ ojú lára, kí ìràwọ̀ tó pọ̀ lójú wọn. Láàárọ̀, láàárín aago mẹ́fà sí méje, ẹyẹ ló ni ilẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ọmọ gbọ́ ohùn àdàbà tàbí ti àparò dáadáa kí ẹ tó dárúkọ rẹ̀ fún un. Kí kálukú gbọn bàtà rẹ̀ kó tó wọ̀ ọ́.

Bí ejò bá bu ẹnikẹ́ni jẹ, ẹ má sín gbẹ́rẹ́, ẹ má fokùn dì í pinpin, ẹ má fẹnu fà á. Kó má mira, kí ẹ sáré gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. Ti ìjọba àpapọ̀ wà ní Ìdí-Àbà, ní Abẹ́òkúta.

Kí ẹ tó máa lọ, ẹ da omi sínú ààrò, ẹ rò ó pọ̀, ẹ tún da omi sí i, kí ẹ wá fi ẹ̀yìn ọwọ́ sún mọ́ eérú. Bó bá ṣì ń gbóná, ẹ ò tíì lè wọ mọ́tò.