Bí A Ṣe Ń Wọn Beta Àti Gamma Lára Àwọn Nǹkan Tí Kì Í Pẹ́ Kú

Ẹ káàbọ̀ o ẹ̀yin èèyàn mi. Zaria ni mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀, ibi tí riákítọ̀ kékeré NIRR-1, ẹ̀rọ tó ń fọ́ yuréníọ̀mù, wà ní Yunifásítì Ahmadu Bello (ABU), látọdún 2004 ló ti ń ṣiṣẹ́. Ohun tá a fẹ́ wọn lónìí ni beta (ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù tó ń sáré jáde) àti gamma (ìmọ́lẹ̀ alágbára tójú ò lè rí), ìyẹn ìtànṣán tó ń jáde lára àwọn nǹkan tí yuréníọ̀mù máa ń fọ́ sí, àwọn tó ń tètè kú nínú wọn, ìyẹn ni pé wọ́n ń tètè yí padà di nǹkan míì. Ẹni tí ò bá ní ìwé àṣẹ àti báàjì tó ń wọn ìtànṣán láyà, ẹ máa wò ni o, ẹ má fọwọ́ kàn án.

Aago lẹ ó kọ́kọ́ mú. Àsìkò tí sáńpù jáde nínú riákítọ̀ gan-an, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ dé orí ìṣẹ́jú àáyá. Mo ń tẹnu mọ́ ọn torí àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ máa ń rò pé dìtẹ́kítọ̀, ẹ̀rọ tó ń mú ìtànṣán, ni gbogbo ẹ̀, rárá o, nǹkan tó ń kú lójú ẹ báyìí, tóò bá mọ ìgbà tó jáde, nọ́ńbà tó o kà ò wúlò. Tá a bá kó gbogbo wọn pọ̀, ohun tẹ́ ẹ kà ní wákàtí 1, tó bá fi máa di wákàtí 7 ó ti ku bí ìdá kan nínú 10, ní wákàtí 49 ó ku bí ìdá kan nínú 100.

Ẹ wá ka yàrá lófìfo, láìsí sáńpù, kẹ́ ẹ lè yọ iye yẹn kúrò nínú ohun tẹ́ ẹ bá kà. Lásìkò ọyẹ́ tá a bá ti wíńdò pa, gáàsì radon tó ń jáde látinú ilẹ̀, tóun náà ń tú ìtànṣán, máa ń kóra jọ, iye yẹn á lọ sókè, ẹ má lo ti àná.

Ó kan beta. Ẹ fi ẹ̀mú gbé sáńpù sábẹ́ Geiger, ẹ̀rọ tó ń ka ìtànṣán, tójú ẹ̀ jẹ́ mica fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ẹ kà á, ẹ wá ki alumíníọ̀mù tó nípọn tó sẹ̀ntímítà 1 sáàárín, ẹ tún un kà. Beta ò fẹ́rẹ̀ẹ́ lè kọjá níbẹ̀, ẹ yọ èkejì kúrò nínú àkọ́kọ́, ohun tó kù ni beta, àmọ́ alumíníọ̀mù yẹn ń jẹ nínú gamma náà, bí ìdá kan nínú 5 tó bá jẹ́ 662 keV (keV la fi ń wọn agbára gamma), ẹ ṣírò ẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ má fi òjé ṣe é o, tí beta bá kọlu òjé, X-ray ló máa ń dá sílẹ̀.

Gamma ni mo fẹ́ràn jù, torí òun ló máa sọ orúkọ ẹni tó wà níbẹ̀ fún yín. Ẹ fi caesium-137 àti cobalt-60 ṣètò dìtẹ́kítọ̀ germanium, tó ń ya gamma sọ́tọ̀ bí agbára wọn ṣe tó, 662 keV ni ṣóńṣó ti caesium, 1173 àti 1332 ni ti cobalt. Tí dead time (àsìkò tí dìtẹ́kítọ̀ ò lè kà torí ọwọ́ ẹ̀ dí) bá ti kọjá 10%, ẹ fa sáńpù sẹ́yìn. Ínfátà lẹ máa so dìtẹ́kítọ̀ mọ́ o, tíná bá lọ, sáńpù ò ní dúró dè yín. Ṣóńṣó 364, iodine-131 nìyẹn, ọjọ́ 8 ló fi ń dín sí ìdajì. 1596 ni lanthanum-140, wákàtí 40 ni tiẹ̀, àmọ́ barium-140 ìyá ẹ̀ tó ń lo ọjọ́ 12 ó lé ń bí i lọ, ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu tẹ́ ẹ bá rí i tó kọ́kọ́ ń lọ sókè. 250 ni xenon-135, wákàtí 9 ó lé díẹ̀, tẹ́ ẹ bá tún un kà tí ò tíì dín sí ìdajì lẹ́yìn wákàtí 9, iodine-135 ló ṣì ń bí i, ẹ lọ wo ṣóńṣó 1260, kẹ́ ẹ ṣírò àwọn méjèèjì pọ̀.