Ìṣẹ́jú Tí Iná Bá Dé: Wáyà Ṣọ́ọ̀bù Ẹ̀yìnkùlé Ní Ìkòròdú

Ẹ káàsán o, ẹ̀yin èèyàn mi. Inú ṣọ́ọ̀bù káfíńtà kan ni mo dúró sí yìí, lápá Ìgbógbó, ní Ìkòròdú. Ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n kọ́ ọ sí. Páànù ló wà lórí, sìmẹ́ńtì nílẹ̀, ẹ̀rọ ìlagi ní àárín, ẹ̀rọ ìfági lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ẹ fetí sílẹ̀ ná. Kò sí ohun tó ń dún. NEPA ti mú iná lọ, ibẹ̀ gan-an ni mo sì fẹ́ ká ti bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí iná lọ, pákó ṣì wà lẹ́nu abẹ. Ọmọṣẹ́ á fẹ́ fà á yọ, tàbí kó fọwọ́ gbá lẹ́búlẹ́bú igi tó kún ojú ẹ̀rọ. Kò sí ẹni tó rántí pa súìsì, torí ẹ̀rọ ti dákẹ́, ọkàn ti balẹ̀. Iná wá dé. Ẹ mọ ariwo tó máa ń sọ ládùúgbò: "Up NEPA!" Kí ariwo yẹn tó dákẹ́, abẹ ti ń yí, ọwọ́ ọmọ ọlọ́mọ sì wà níbẹ̀.

Mo mọ ohun tí mò ń sọ. Ìka méjì ni ọ̀gá tí mo kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ pàdánù lọ́nà yìí. Mo gbọ́ ariwo ìta, mo sì gbọ́ tirẹ̀.

Ilé-iṣẹ́ amúnáwá Ẹ̀gbin, tí wọ́n kọ́ láti pèsè 1,320 megawatt, wà ní Ìjẹ̀dé, nílé wa níbí. Ṣùgbọ́n orí wáyà gbogbo Nàìjíríà ni iná rẹ̀ ń lọ, kì í ṣe ojúlé wa. Nítorí náà, iná á máa lọ, á sì máa bọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe ṣọ́ọ̀bù sílé gbọ́dọ̀ fi èyí sọ́kàn kó tó ra wáyà rárá.

Ohun tó lè gba ìka yẹn sílẹ̀ kò ju àpótí kékeré yìí lọ, èyí tó ní bọ́tìnnì aláwọ̀ ewé àti pupa. Státà là ń pè é. Wáyà tí wọ́n ká jọ wà nínú rẹ̀. Bí iná bá gba inú rẹ̀ kọjá, á di òòfà, òòfà yẹn ló máa di ọ̀nà iná mú kó má ṣí. Bí iná bá lọ, òòfà kú, sípíríìnì á tú ọ̀nà náà. Iná ìbáà padà nígbà ọgọ́rùn-ún, ẹ̀rọ kò ní mira àyàfi bí ẹnì kan bá tẹ bọ́tìnnì aláwọ̀ ewé. Bí owó yín kò bá tíì tó fún gbogbo nǹkan tí mo máa sọ lónìí, ẹ̀rọ tó ní abẹ ni kí ẹ kọ́kọ́ ra státà fún.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ ti ọ̀nà tí iná ń gbà dé ṣọ́ọ̀bù. Mo ti rí wáyà tí wọ́n fà láti sọ́kẹ́ẹ̀tì pálọ̀, tó gba ojú fèrèsé, tó kọjá lórí kànga, kó tó dé ìdí ẹ̀rọ. Sọ́kẹ́ẹ̀tì oníhò mẹ́ta tí à ń lò nílé, 13 amp ló lè gbé. Lórí iná 230 volt, ìyẹn kò pé 3,000 watt. Iṣẹ́ tí mọ́tò 3 HP ń ṣe tó nǹkan bíi 2,240 watt, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo iná tó wọ inú rẹ̀ ló ń di iṣẹ́, òmíràn ń di ooru. Lórí fésì kan, ìyẹn iná tó ń gba wáyà iná kan ṣoṣo wọlé, irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ á máa fa nǹkan bíi 15 amp bó bá ti ń sáré. Nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbéra, ó lè fa ìlọ́po márùn-ún ìyẹn, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Nọ́ńbà tí à ń pe wáyà, sísanra bàbà inú rẹ̀ ní mílímítà onígun mẹ́rin ni. Ká ní wáyà 1.5, tí à ń lò fún gílóòbù, lẹ fà fún un, tí ọ̀nà náà sì gùn tó 30 mítà. Lásìkò ìgbéra, wáyà yẹn lè jẹ bíi 65 volt lójú ọ̀nà. Iná tó kúrò ní 230 á dé ọ̀dọ̀ mọ́tò ní 165. Mọ́tò á máa kùn, kò ní lè yí, á máa gbóná, ẹ ó sì máa bú ẹni tó ta mọ́tò fún yín. Bí ẹ bá fi wáyà 4 sí ọ̀nà kan náà, bíi 25 volt ló máa jẹ. Ẹ kúrò ní ti pálọ̀. Fún ṣọ́ọ̀bù tó ní ẹ̀rọ méjì-mẹ́ta, ohun tí mo fara mọ́ ni kí wọ́n fa wáyà 10 kan tààrà láti ẹ̀gbẹ́ mítà wá sí àpótí bírékà kékeré nínú ṣọ́ọ̀bù (bírékà ni súìsì tó ń já fúnra rẹ̀ bí iná bá pọ̀ jù), kí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan wá ní bírékà tirẹ̀. Kí gílóòbù náà ní tirẹ̀ lọ́tọ̀, kó má baà jẹ́ pé bírékà ẹ̀rọ á já lálẹ́, òkùnkùn á ṣú, abẹ á sì ṣì máa yí lọ́wọ́.

Ẹ gbọ́ mi dáadáa níbí o. Wáyà ni bírékà ń ṣọ́, kì í ṣe ẹ̀rọ. Wáyà 2.5, 20 amp. Wáyà 4, 25 amp. Bí bírékà bá ń já ní gbogbo ìgbà tí mọ́tò bá gbéra, àwọn kan á yọ ọ́, wọ́n á ki 63 bọ̀ ọ́. Lóòótọ́, kò ní já mọ́. Wáyà inú ògiri ni yóò máa yan dípò rẹ̀, láìsí ẹni tó rí i, títí èéfín á fi yọ lókè àjà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́búlẹ́bú igi tó gbẹ fúrúfúrú. Lẹ́tà tó ṣáájú nọ́ńbà lára bírékà ni kí ẹ wò. B kì í ní sùúrù fún mọ́tò. C tàbí D ló ń fàyè gba ìgbéra. Ẹ béèrè C25, ẹ má béèrè 63. Wáyà fúnra rẹ̀ ńkọ́? Èyí tí wọ́n ṣe ní Nàìjíríà, tó ní MANCAP lára, ìyẹn àmì àjọ SON tó ń yẹ ojúlówó ọjà wò, ni kí ẹ rà. Òmíràn wà tí wọ́n kọ 2.5 sí lára, tí bàbà inú rẹ̀ kò tó nǹkan.

Ẹ́ẹ̀tì ló kàn. Bí wáyà iná bá bó, tó kan irin ara ẹ̀rọ, ẹ́ẹ̀tì ni yóò gbé iná náà lọ sílẹ̀ kó tó gba ara yín kọjá. Ṣùgbọ́n irin ẹ́ẹ̀tì tí wọ́n kàn rì bọ ilẹ̀ gbígbẹ lè ní 100 ohm, ìyẹn ìwọ̀n bí ilẹ̀ ṣe ń dí iná lọ́wọ́. Bí 230 volt bá gba ibẹ̀, 2.3 amp péré ni yóò ṣàn. Bírékà 25 amp kò ní mọ̀ pé nǹkan ṣẹlẹ̀, ara ẹ̀rọ á sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú iná, ó ń dúró de ẹni tó máa fọwọ́ kàn án. Ìdí nìyí tí mo fi ń bẹ̀ yín pé kí ẹ fi RCD 30 milliamp sí i. Ó ń wo iná tó ń lọ àti èyí tó ń bọ̀. Bí díẹ̀ bá sọnù láàárín wọn, ó já. Bọ́tìnnì tí wọ́n kọ T sí lára wà níbẹ̀, ẹ máa tẹ̀ ẹ́ lóṣooṣù. Ẹ ri irin ẹ́ẹ̀tì síbi tí ilẹ̀ ti tutù, lẹ́bàá ibi tí omi òjò ń ṣàn gbà, kí ẹ sì ní kí oníná fi ẹ̀rọ wọ̀n ọ́n nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, kì í ṣe nígbà òjò nìkan.

Bí ẹ̀rọ yín bá jẹ́ fésì mẹ́ta, 415 volt ló wà láàárín fésì kan sí èkejì. Bí fíùsì kan bá já nídìí tíráńsífọ́mà, mọ́tò á máa fi fésì méjì tiraka títí tó fi máa jóná, àyàfi bí ẹ bá ní ẹ̀ṣọ́ tó ń wo fésì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ ṣọ́ àwọ̀ wáyà pẹ̀lú. Nínú ilé àtijọ́, dúdú ni níútírà, ìyẹn wáyà tí iná ń gbà padà, búlúù sì lè jẹ́ fésì. Nínú wáyà tuntun, búlúù ti di níútírà, dúdú sì ti di fésì. Ilé tí wọ́n fi yàrá tuntun kún, àwọ̀ méjèèjì lè pàdé nínú àpótí kan ṣoṣo. Ẹ má gba ojú yín gbọ́ níbẹ̀. Ẹ pa bírékà, kí ẹ sì fi tẹ́sítà wò ó.

Jẹnẹrétọ̀ ńkọ́? Ẹ lo ṣénjì-ọ́fà, ìyẹn súìsì tí kì í jẹ́ kí iná ìta àti ti jẹnẹrétọ̀ pàdé. Wáyà olórí méjì tí àwọn kan fi ń so jẹnẹrétọ̀ mọ́ sọ́kẹ́ẹ̀tì ilé ń rán iná padà sí ìta. Tíráńsífọ́mà á sì gbé e ga di 11,000 volt fún ẹni tó wà lórí òpó, tó rò pé iná ti kú. Ọmọ ẹnì kan ni ẹni yẹn.

Iṣẹ́ ìdí mítà àti àpótí bírékà kì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́ yín. Oníná tó ní ìwé-ẹ̀rí NEMSA, àjọ ìjọba tó ń yẹ iṣẹ́ iná wò, ni kí ẹ pè, ẹ sì ní kó fi ìwé náà hàn yín kí ẹ tó san owó iṣẹ́.

Ẹ dákẹ́ ná... ẹ gbọ́ ariwo yẹn? "Up NEPA!" Iná ti dé. Gílóòbù ti tàn lókè yìí. Ẹ sún kámẹ́rà mọ́ abẹ, ẹ wò ó dáadáa: kò mì rárá. Pákó ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. Màá fà á yọ ná, màá gbá ojú ẹ̀rọ mọ́, lẹ́yìn náà ni màá tẹ bọ́tìnnì aláwọ̀ ewé.