A kì í fárí lẹ́yìn olórí: olùkọ́ Àgbádárìgì àti àwọn tó ń ṣe ìlànà ẹ̀kọ́

Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ sọ ní Àgbádárìgì nìyí. Mo yọ ìkíni gígùn kúrò, mo sì fi díẹ̀ kún un níbi tí aago kò ti jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán.

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìlú tí a jókòó sí yìí ni ilé ẹ̀kọ́ ìwé ti kọ́kọ́ fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Nàìjíríà lónìí. Lọ́dún 1843, àwọn Mẹ́tọ́díìsì dá a sílẹ̀, de Graft àti ìyàwó rẹ̀ sì ń kọ́ àwọn ọmọ. Àwọn àlejò máa ń wá wo ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí wọ́n kọ́ ní 1845, wọn a gun àtẹ̀gùn, wọn a ya fọ́tò. Kò tíì sí àlejò kan tó bi mí léèrè ta ló kọ́ àwọn ọmọ nígbà náà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Ọmọ Ìkòròdú ni mí. Lọ́dún tí wọ́n kọ́kọ́ gbé mi wá sí apá ibí, kíláàsì kejì ni wọ́n fún mi. Ẹ̀kọ́ ọjọ́ kan dá lórí àwọn ẹran inú omi. Mo ya akàn sójú pátákó, mo béèrè orúkọ rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì. Gbogbo wọn dákẹ́. Mo yí i sí Yorùbá, mo rò pé mo ti rí ọ̀nà àbùjá. Wọ́n tún dákẹ́. Ọmọbìnrin kan lọ́wọ́ iwájú wá yíjú sẹ́yìn, ó sọ gbólóhùn kan lédè Ègùn, kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Mo ní kí ló dé. Ó ní, “Tíṣà, akàn yín ò lọ́wọ́.” Mo wo pátákó. Lóòótọ́ ni: ẹsẹ̀ mẹ́jọ ni mo yà, mo gbàgbé ọwọ́ méjèèjì tó fi ń gé ni jẹ. Ọmọ apẹja ni wọ́n, wọ́n mọ akàn jù mí lọ.

Lọ́sẹ̀ kejì, olùbẹ̀wò kan dé. Ó béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ àwọn ọmọ yìí kan náà ní Gẹ̀ẹ́sì, wọn kò dáhùn. Ó fi bírò pupa kọ ọ́ sílẹ̀ pé orí wọn kò pé. Ó ní kí n fọwọ́ sí i, mo sì fọwọ́ sí i. Mo ti gbàgbé ojú olùbẹ̀wò náà, ṣùgbọ́n n kò gbàgbé ìfọwọ́sí mi.

Nítorí náà, nígbà tí ìgbìmọ̀ aláṣẹ ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà èdè ní oṣù Kọkànlá 2022, pé èdè abínibí ni kí a fi kọ́ ọmọ fún ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́, inú mi dùn. Ní tèmi, Ifẹ̀ ti parí àríyànjiyàn yẹn tipẹ́: láti 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún ọdún mẹ́fà gbáko, àwọn ọmọ náà sì ṣe dáadáa, títí kan Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀. Àmọ́ ẹ wo Àgbádárìgì. Èwo ni ká pè ní èdè àdúgbò níbí? Ṣé Ègùn tí ìyá ń sọ nílé ni, àbí Yorùbá tí wọ́n fi ń nájà? Ta ló máa kọ́ wọn, nígbà tó jẹ́ pé ọmọ Ìkòròdú bíi tèmi ni wọ́n ń gbé wá? Kí a tó rí ìdáhùn, oṣù Kọkànlá 2025 dé, ìjọba àpapọ̀ wọ́gi lé ìlànà náà, ó di Gẹ̀ẹ́sì padà. Orí rédíò ni mo ti gbọ́ ti àkọ́kọ́, orí rédíò náà ni mo ti gbọ́ ti ìkejì. Nínú gbogbo yàrá olùkọ́ tí mo mọ̀, kò sí ẹnì kan tó ní wọ́n bi òun léèrè kí wọ́n tó gbé e kalẹ̀ tàbí kí wọ́n tó gbé e kúrò. A kì í fárí lẹ́yìn olórí, ṣùgbọ́n orí tiwa, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n fá a láàárín ọdún mẹ́ta.

Àwọn tó ṣáájú wa kò dúró kí wọ́n pè wọ́n. Àwọn olùkọ́ Èkó ti ní ẹgbẹ́ ní 1925, àwọn ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ Ìjẹ̀bú dá tiwọn sílẹ̀ ní 1926. Ní ọjọ́ 8 oṣù Keje 1931, wọ́n para pọ̀ di NUT, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ Nàìjíríà. Àlùfáà I. O. Ransome-Kuti ni ààrẹ àkọ́kọ́, ó sì wà nípò náà títí di 1954. Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbé ìgbìmọ̀ Elliot dìde ní 1943 lórí ẹ̀kọ́ gíga ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, ó wà lára àwọn tó jókòó. Lẹ́yìn iṣẹ́ ìgbìmọ̀ yẹn ni Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn, tó di Yunifásítì Ìbàdàn, ṣílẹ̀kùn ní 1948. Olùkọ́ ló jókòó nínú ìgbìmọ̀ náà, ẹ jọ̀wọ́, kì í ṣe àlejò ọlọ́lá.

Ọjọ́ 5 oṣù Kẹwàá, Ọjọ́ Olùkọ́ Àgbáyé, tí a máa ń wọ aṣọ ẹgbẹ́ jọ, ẹ rántí ibi tó ti wá. Ọjọ́ yẹn ní 1966 ni UNESCO àti ILO, àjọ àgbáyé fún ẹ̀kọ́ àti fún iṣẹ́, fẹnu kò lórí ìwé kan nípa ipò olùkọ́. Ó wà nínú rẹ̀ pé ó yẹ kí ẹgbẹ́ olùkọ́ lọ́wọ́ sí bí a ṣe ń ṣe ìlànà ẹ̀kọ́. Àwa ń jó, a kì í ka ìwé náà.

Ẹ̀tọ́ olùkọ́ ńkọ́? Ẹ wo táìmù búùkù, ìwé tí olùkọ́ ń kọ àkókò tó dé sí. Láago mẹ́jọ, wọn a fa ìlà pupa. Ìlà kan náà ni fún ẹni tó ń gbé ẹ̀yìnkùlé ilé ẹ̀kọ́ àti ẹni tó ń sọdá ọ̀sà lọ sí erékùṣù Gberefu, tí ọlọ́kọ̀ ojú omi kò ní gbéra àfi tí ọkọ̀ bá kún. Ẹni tó ṣòfin yẹn kò ṣìkà, kò kàn tíì dúró létí omi rí ni. Bí tánsífà bá sì dé, ẹni tó lẹ́sẹ̀ nílé ìjọba ló ń kọ́kọ́ lọ sígboro, ọmọ ẹ̀bá omi ni kò ní tíṣà.

Ẹgbẹ́ wa lágbára tó bá fẹ́. Òfin tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2022 gbé ọjọ́ orí ìfẹ̀yìntì olùkọ́ kúrò ní 60 lọ sí 65, ó sì gbé ọdún iṣẹ́ kúrò ní 35 lọ sí 40. A jà fún un, a sì gbà á. Ọjọ́ tí a máa lọ sílé ni a jà fún báyìí o. Ọjọ́ tí ọmọ kọ́kọ́ wọ kíláàsì, a kò tíì jà fún un tó bẹ́ẹ̀.

Ohun tí mo bẹ̀ yín ni kí ẹ máa kọ ọ́ sílẹ̀. Èdè tí ọmọ kọ̀ọ̀kan ń sọ nílé, iye ọjọ́ tí omi kò jẹ́ kí ẹ dé, iye ọmọ tó ń pín ìwé kan lò. Ẹni tó mú ìráhùn lọ síwájú aṣòfin, wọn a ní kó máa ṣe sùúrù. Ẹni tó mú iye lọ, wọ́n á kọ́kọ́ wá ibi tí wọ́n máa gbé e sí.

Tíṣà kan nàwọ́ sókè. Ó ní, “Bàbá, ẹ̀yin ti fẹ̀yìn tì ní tiyín. Bí àwa bá kọ ọ́, ṣé wọn ò ní gbé wa lọ síbi tó jìn ju ibí lọ?” Mo ní òótọ́ ni, ó lè ṣẹlẹ̀ sí ẹnì kan, kí èèyàn mẹ́wàá fọwọ́ sí ìwé kan náà ló dáa, kí ẹ sì gba ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ àti ìgbìmọ̀ òbí kọjá. N kò rò pé ìdáhùn mi tẹ́ ẹ lọ́rùn.

Nígbà tí a jáde, ó bá mi nídìí igi. Ó mú ìwé kan jáde nínú báàgì, ó ti ká a sí mẹ́rin. Kíláàsì kìn-ín-ní, ọmọ 36: Ègùn 21, Yorùbá 9, Ìgbò 4, Ìlàjẹ 2. Ó ya Ìlàjẹ sọ́tọ̀, ó ní Yorùbá tiwọn kò jọ tinú ìwé. Mo bi í ta ló ti fi hàn.

Ó ní, “Ẹ̀yin ni àkọ́kọ́, sà.”